Lẹ́tà ìparí sáà kìíní: ta ni ó ń jókòó lẹ́yìn kíláàsì?

Kétu, ilẹ̀ Benin, oṣù Ọ̀pẹ

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin alágbàtọ́ ọmọ wa,

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ kú ìnáwó ọdún tó ń bọ̀. Sáà kìíní parí ní àlàáfíà, a dúpẹ́. Èsì ìdánwò wà lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá gbà á fúnra yín, ẹ má rán ọmọ.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ tí àwọn kan nínú yín gbé wá bá mi ní ọ́fíìsì, tí àwọn mìíràn sì ń sọ ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Kí ló dé tí olùkọ́ àgbà kan ń jókòó lẹ́yìn kíláàsì àwọn olùkọ́ tuntun, tó ń kọ nǹkan sínú ìwé? Ṣé wọn kò mọ iṣẹ́ ni? Bàbá kan tiẹ̀ ní kí n gbé ọmọ òun kúrò ní CP, kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí n fi í sọ́dọ̀ ẹni tó ti gbó sẹ́nu iṣẹ́. N kò gbé e, n kò sì ní gbé e.

Àwọn tó dàgbà nínú yín á rántí pé lópin àwọn ọdún 1980, nígbà tí àpò ìjọba gbẹ, wọ́n dá gbígba olùkọ́ sí iṣẹ́ ọba dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tí ì bá jẹ́ àgbà olùkọ́ lónìí, wọn kò gbà wọ́n nígbà náà. Nígbà tó di 2006, wọ́n fagi lé owó ilé-ìwé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ pọ̀ ju olùkọ́ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ di olùkọ́, tí gbogbo wa ń pè ní AME (aspirants au métier d'enseignant), ló wá ń dí àlàfo náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ti mọ iṣẹ́ díẹ̀, Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu ni ojú rẹ̀ ń wò. Ní tiwa níhìn-ín, níbi tí ìyá ń ta gaàrí kí ọmọ tó ní ìwé, ẹni tuntun ni wọ́n ń rán sí wa lọ́dọọdún.

Kò sí télọ̀ kan ní Kétu tó máa gbé aṣọ ìyàwó lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó wọlé, kó ní kó gé e. Kíláàsì tí ọmọ inú rẹ̀ lé ní 50 ńkọ́? Lọ́jọ́ kìíní ni wọ́n ń fà á lé olùkọ́ tuntun lọ́wọ́. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà lóòótọ́, a máa ń lọ, wọ́n á sọ̀rọ̀ tó dára, a ó jẹun, a ó padà sílé. Ta ni yóò tẹ̀ lé olùkọ́ wọlé láti wo bí ohun tó gbọ́ ṣe ń ṣe níwájú ọmọ?

Ní Gúúsù Áfíríkà, ní ẹkùn North West, wọ́n dán ọ̀nà méjèèjì wò ní àwọn ilé-ìwé tí ọmọ mẹ̀kúnnù ń lọ. Wọ́n kó àwọn olùkọ́ kan jọ sójú kan, wọ́n dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn mìíràn, olùtọ́nisọ́nà ń lọ bá wọn nínú kíláàsì wọn. Irú ìwé kan náà ni wọ́n fún apá méjèèjì. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìtẹ̀síwájú àwọn ọmọ apá kejì nínú kíka Setswana, èdè abínibí wọn, tó ìlọ́po méjì ti apá kìíní. Àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà náà kó ìwádìí 60 jọ ní 2018, wọ́n rí i pé ọ̀nà kejì yìí ń tún ìkọ́ni ṣe, àmọ́ bí ètò náà bá ti fẹ̀ jù, agbára rẹ̀ ń rọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ mẹ́ta péré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti CP. Olùkọ́ náà gbà kí n sọ ọ́. Ará Àgbómẹ̀ ni, ọmọdébìnrin ni, Faransé rẹ̀ dán, ó sì fẹ́ràn ọmọ. Bó bá ti béèrè ọ̀rọ̀ báyìí, àwọn mẹ́ta iwájú á ti máa ké «Madame! Madame!», á sì pe ọ̀kan nínú wọn. Olùkọ́ àgbà ya àwọn bẹ́ǹṣì kíláàsì náà sínú ìwé, ó ń fa ìlà sí ibi tí ọmọ tí wọ́n pè jókòó sí. Nígbà ìsinmi, ó fi hàn án: ìlà kún iwájú, ẹ̀yìn funfun báláú. Kò bá a wí. Ohun kan ṣoṣo ló ní kó yí padà: bí o bá béèrè tán, dákẹ́, ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ọkàn rẹ, kí o tó pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi bẹ́ǹṣì òfìfo dánra wò nígbà tí àwọn ọmọ ń jẹun ní kántíìnì. Ìdákẹ́jẹ́ yìí kì í ṣe àsọdùn. Mary Budd Rowe, olùwádìí nípa ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ̀n ọ́n ní àwọn ọdún 1970: ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í dúró tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn tó bá dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn ọmọ wọn ń gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà á sì máa sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rí i láti ojú fèrèsé, tó ń ka ẹ̀ta náà lórí ìka lẹ́yìn ara rẹ̀. Ọmọ kan tó máa ń bá ìyá rẹ̀ yan gaàrí kó tó wá, tó sì máa ń tòògbé lẹ́yìn, nawọ́. Ìdáhùn rẹ̀ kò tọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì ó tún nawọ́.

Ìwé tí olùkọ́ àgbà ń kọ kì í ṣe máàkì. Kì í dé tábìlì mi, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ọ̀gá ẹkùn ẹ̀kọ́. Bí olùkọ́ bá ń bẹ̀rù rẹ̀, á fi àbùkù rẹ̀ pamọ́, a ò sì ní rí nǹkan kan tún ṣe. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti fẹ̀yìntì. Owó epo alùpùpù nìkan ni APE, ẹgbẹ́ òbí ọmọ ilé-ìwé, ń fún un, iye rẹ̀ sì wà nínú ìwé akápò. Ẹ̀yin tó ń pariwo lórí rẹ̀, ẹ wá wò ó.

Méjì nínú àwọn tuntun yìí kò gbọ́ Yorùbá. Ọmọ CI, kíláàsì kìíní, kò sì gbọ́ Faransé. A ń kọ́ wọn ní «wò mí», «tún un sọ», «kí ló ń dùn ọ́?» Bí wọ́n bá fi ohùn Fọ̀n sọ ọ́, ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọmọ. Bí wọn kò bá sì kúnlẹ̀ kí yín, ẹ fojú fò ó fún sáà kan sí i, wọ́n á mọ̀ ọ́n.

Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá fẹ́ jókòó lẹ́yìn kíláàsì kó fojú ara rẹ̀ rí i, kó sọ fún mi ṣáájú, àyè wà. Ìpàdé APE yóò wáyé lẹ́yìn ìwọlé, a kò ní fi í sí ọjọ́ ọjà. Ìsinmi ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wà nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ilé-ìwé kò ní ṣí nígbà náà.

Olùkọ́ CP yìí ń wá yàrá kan tí òrùlé rẹ̀ kò jò, tó sún mọ́ ilé-ìwé. Ilé tó wà báyìí jìnnà, alẹ́ ti máa ń lẹ́ kó tó délé. Ẹni tó bá ní, kó rí mi kí ọdún tó parí.

Ẹ kú ìyèdún, ẹ kí gbogbo ilé.

Ọ̀gá ilé-ìwé