Búrẹ́dì tí ṣọ́ọ̀bù ń dá padà

Bàbá Ìbejì ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ìyá Ìbejì ńkọ́? Mo ti gbọ́ fóìsì tó o fi ránṣẹ́, o ní kí n ṣàlàyé bí ọ̀gá ṣe lè fi ilé iṣẹ́ lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ó gùn ni mo ṣe ní kí n kúkú kọ ọ́.

Ọ̀gá tó ni ilé búrẹ́dì tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní Manchester ti dàgbà, àwọn ọmọ ẹ̀ ò sì fẹ́ ṣe búrẹ́dì, ló bá tà á fún trust kan tó ń bá gbogbo àwa òṣìṣẹ́ di ìpín mú, òfin kan tí wọ́n ṣe níbí ní 2014 ló jẹ́ kó rọrùn. Kò sẹ́ni tó dá kọ́bọ̀ nínú wa o, èrè tí ilé iṣẹ́ ń pa ni wọ́n fi ń sanwó ẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀. Tó o bá fiṣẹ́ sílẹ̀, o ò ní ìpín tó o máa gbé lọ tà. Àmọ́ tí èrè bá wà, gbogbo wa la máa pín in, àti mánéjà àtẹni tó ń gbálẹ̀, ìlànà kan náà, wọn ò sì ń yọ owó orí lára £3,600 àkọ́kọ́ lọ́dún, National Insurance nìkan ni wọ́n ń yọ, ìyẹn owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ nítorí pẹ́ńṣọ̀n àtàwọn ìrànwọ́ míì.

Lọ́dún àkọ́kọ́ a ò rí nǹkan kan gbà, inú bí mi gan-an. Ọdún kejì, £410. Nǹkan tí èrè jẹ́ náà nìyẹn, wo àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá tó ń jẹ́ John Lewis níbí, John Spedan Lewis tó ni wọ́n nígbà yẹn ti gbé wọn sábẹ́ trust fáwọn òṣìṣẹ́ láti 1929, síbẹ̀ lọ́dún 2021 lẹ́yìn tí kòrónà ṣọṣẹ́, wọn ò rí bonus pín, ìgbà àkọ́kọ́ látọdún 1953.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kántíìnì lóṣooṣù, owó fúláwà, owó iná, owó dísù, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Màmá kan tó ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá naka sí ìlà kan, ó ní kí ló dé tí búrẹ́dì tí ṣọ́ọ̀bù ń dá padà fi pọ̀ tó yìí, ó ní ọjọ́ Tuesday ló máa ń pọ̀ jù. Wọ́n wò ó, bẹ́ẹ̀ ló rí, wọ́n dín ti Tuesday kù. Ọdún mọ́kànlá ni màmá yìí ti ń rí i, kò sẹ́ni tó bi í rí!

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa ro àwọn ọmọ mẹ́rin tó ń bá ẹ tẹ̀wé ní Ṣómólú. Ìrẹsì àti òróró tó ò ń fún wọn ní Kérésì dáa, ṣùgbọ́n inú rere tìẹ nìyẹn, wọn ò lè fọkàn sí i. Mú iṣẹ́ kálẹ́ńdà tó ń bọ̀ yìí, sọ iye tí kọ́sítọ́mà san fún wọn, iye bébà, iye íńkì, iye dísù tí jẹnẹrétọ̀ mu, kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí iye tó máa jẹ́ tiwọn nínú èyí tó bá ṣẹ́kù. Tó ò bá ti lè jẹ́ kí wọ́n rí ìṣirò yẹn, jọ̀ọ́ má tiẹ̀ dárúkọ èrè fún wọn rárá, wọ́n á máa rò pé ò ń rẹ́ àwọn jẹ ni.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe lọ́sẹ̀ yìí, aago mẹ́wàá ni mò ń wọlé, tó o bá máa pè, tètè pè. Bá mi kí àwọn ìbejì.

Èmi ọ̀rẹ́ ẹ ni