Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Tó Ń Lọ Ṣiṣẹ́ ní Bermuda

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Inú mi dùn pé ìwé iṣẹ́ rẹ ti jáde. Olè àti ìbọn ni gbogbo ẹbí ń bá ọ sọ. Ní tèmi, títì ibẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Bermuda ṣì wà. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 54, àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ sì lé ní 60,000. Ìdí nìyẹn tí òfin fi gba ilé kan láyè ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ṣoṣo, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń gun alùpùpù. Títì wọn tóóró, ògiri òkúta sì há a mọ́ láàárín, kò sí ibi tí èèyàn lè yà sí.

Apá òsì ni wọ́n ń gbà, bí àwa náà ti ń ṣe kó tó di ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, 1972. Bí o bá fẹ́ sọdá, apá ọ̀tún ni kí o kọ́kọ́ wò. Ní ráńdábáòtù, ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀tún ló ni ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ alùpùpù ibẹ̀ kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Irin ọwọ́ òsì tó jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì lára ọ̀kadà wa, bíréèkì táyà ẹ̀yìn ni níbẹ̀; ti ọ̀tún jẹ́ ti iwájú, ẹsẹ̀ kò sì ní bíréèkì kankan láti tẹ̀. Ohun tó ń gbé ẹni tí kò mọ́ lára ṣubú rèé: ẹ̀rù á bà á ní kọ́nà, ara rẹ̀ á fà sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á sì yí sẹ́yìn pẹ̀lú ara. Yíyí sẹ́yìn yẹn ló ń fún ẹ́ńjìnnì níná, alùpùpù á sì fò lọ bá ògiri. Nítorí náà, dín eré kù kí o tó dé kọ́nà, nígbà tí alùpùpù ṣì dúró ṣánṣán. Yí ọwọ́ ọ̀tún padà síwájú, kí o wá fún bíréèkì méjèèjì pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Má ṣe fún ti iwájú nìkan lójijì lórí iyanrìn tàbí títì tó tutù. Ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló ń yọ̀ jù, torí ọ́ìlì ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ á léfòó.

Akoto di dandan. So okùn rẹ̀ débi pé ìka méjì péré ló lè wọ abẹ́ rẹ̀. Eré kìlómítà 35 ní wákàtí kan ni òfin gbà, 25 láàárín Hamilton, olú-ìlú wọn. Wọn á máa sáré lẹ́yìn rẹ. Jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ìwé ìwakọ̀ tiwa kò tó fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀, o ní láti ṣe ìdánwò tiwọn. Má fẹnu kan ọtí bí o bá máa gùn ún: láti 2018 ni ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró láti yẹ èémí wò.

Olè ibẹ̀ náà, orí alùpùpù ló ti ń jalè. Bí o bá kó báàgì sínú apẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń kọjá á kàn nawọ́ gbé e. Abẹ́ ìjókòó ni kí o tì í mọ́. Bí o bá ń fẹsẹ̀ rìn, gbé e sí apá tó jìnnà sí títì, kí o sì kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá já a gbà, jọ̀wọ́ ọmọ mi, fi okùn náà sílẹ̀, kí wọ́n má baà wọ́ ọ nílẹ̀. Pe 911 lẹ́yìn náà.

Bí òjò bá ń rọ̀, wọ bọ́ọ̀sì. Ibùdókọ̀ tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ píńkì ń lọ sí Hamilton, èyí tó jẹ́ búlúù ń ti ibẹ̀ bọ̀. Ra tíkẹ́ẹ̀tì sọ́wọ́ ṣáájú.

Pè mí bí o bá ti dé.

Ìyá rẹ