Sí Àkànní, tó fẹ́ máa fi họ́kì jẹun

Kétu, ilẹ̀ Benin, oṣù keje

Àkànní, ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Àǹtí rẹ àti ọkọ wọn, mo kí gbogbo ọmọ ilé. Ara wa le níbí. Bàbá rẹ wà lóko àgbàdo, òjò ọdún yìí kò burú. Ìyá àgbà ń kí ọ, wọ́n ní ṣé o ṣì ń rántí oríkì rẹ.

Ìròyìn tí o fi ránṣẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ikọ̀ kan nínú líìgì àwọn ọ̀dọ́ ti Québec ní Kánádà ti mú ọ, oṣù kẹjọ ni wọ́n ń retí rẹ, o sì ní o fẹ́ kí họ́kì orí yìnyín di iṣẹ́ rẹ. Inú mi dùn gan-an. Aago kan òru ni mo fi ń wo eré yín lórí fóònù nígbà òtútù, tó bá jẹ́ aago méje alẹ́ lọ́hùn-ún. Mo ti rí bí o ṣe ń yí padà lórí bàtà alábẹ yẹn, mo sì mọ̀ pé ẹ̀bùn ni.

Mo gbà kí o lọ. Mo tètè sọ ọ́ kí àyà rẹ má baà máa já bí o ṣe ń ka ìwé yìí lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni o sọ pé o fẹ́ fi ṣe, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ wọṣẹ́ ni màá bá ọ sọ. Ara rẹ ni irinṣẹ́ rẹ níbẹ̀. Àwọn tó máa gbà ọ́ lè wá ara ẹlòmíràn lọ́jọ́ tí tìrẹ bá bàjẹ́. Èmi àti ìwọ kò rí òmíràn wá.

O mọ ìtàn Willie O'Ree. Ọmọ Fredericton ni, ní New Brunswick, níbi tí líìgì rẹ náà ti ń gbá eré. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1958 ló wọ aṣọ Boston Bruins ní Montréal gan-an, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá eré ní NHL, líìgì họ́kì tó ga jù lọ. Àmọ́ ojú kan ló fi gbá a. Nígbà tó wà ní líìgì àwọn ọ̀dọ́ bíi tìrẹ, pọ́ọ̀kì, róbà pẹlẹbẹ líle tí ẹ ń gbá yẹn, bà á lójú ọ̀tún, ojú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríran mọ́ rárá. Dókítà ní kó fi eré sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀, kò sì jẹ́ kí àwọn tó gbà á síṣẹ́ mọ̀. Eré 45 péré ló gbá ní NHL, góòlù 4 ló jẹ. Àwọn líìgì kéékèèké ló ti gbá ìyókù títí di 1979. Ó di ọdún 2018 kí wọ́n tó gbé orúkọ rẹ̀ sí Hockey Hall of Fame, ilé ọlá àwọn eléré họ́kì, ó sì di 2022 kí Boston tó gbé aṣọ nọ́ńbà 22 rẹ̀ kọ́ sókè kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́ mọ́.

Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá yẹn, mo sì mọ ìdí tó fi dákẹ́. Aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ní 1958, tó bá sọ pé ojú ń dùn òun, ta ni ì bá dá a dúró? Yìn ín, Àkànní, ṣùgbọ́n má fara wé e nínú èyí. Pọ́ọ̀kì tí ẹ ń gbá yẹn wúwo tó gíráàmù 160, wọ́n tún máa ń jẹ́ kó dì gbagidi kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó lágbára sì lè gbá a kó sáré ju kìlómítà 160 lọ ní wákàtí kan. Kò sí takisí kankan tó ń sá eré bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Kétu sí Pobè. Bí nǹkan bá bà ọ́, sọ fún dókítà ikọ̀, sọ fún Àǹtí rẹ, sọ fún mi. Bí kóòṣì bá bínú, jẹ́ kó bínú.

Orí ni mo bẹ̀rù jù lọ. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ara èèyàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní CEG, ilé ẹ̀kọ́ girama wa, nítorí náà jẹ́ kí n kọ́ ọ díẹ̀. Ọpọlọ kò lẹ̀ mọ́ agbárí, inú omi ló wà. Tí wọ́n bá kọlù ọ́ tí ara rẹ dúró lójijì, ọpọlọ ṣì ń lọ, yóò sì fi ara gbá egungun láti inú. Àṣíborí máa ń dáàbò bo egungun, kì í dá ọpọlọ dúró. Sidney Crosby tí ẹ̀yin ọmọdé ń pariwo orúkọ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọlù ú lórí láàárín ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kìíní 2011. Kò padà sórí yìnyín títí di oṣù kọkànlá. Ó gbá eré díẹ̀, orí tún yọ ọ́ lẹ́nu, ó tún jókòó títí di oṣù kẹta 2012. Gbogbo ayé rò pé ó ti parí. Ó gba Stanley Cup, ife-ẹ̀yẹ NHL, ní 2016, ó tún gbà á ní 2017. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ìsinmi máa ń pa iṣẹ́ eléré, orúkọ rẹ̀ ni kí o dá a lóhùn.

Nǹkan kan wà tí mi ò fẹ́ fi bò fún ọ. O ga, o sì fẹjú láyà bíi bàbá rẹ. Ẹnìkan lè wò ọ́ lọ́jọ́ kan kó sọ pé kí o máa ṣe oníjà ikọ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bá àwọn alátakò jà. Kọ̀ ọ́. Líìgì rẹ ti fòfin lé ìjà láti 2023, ẹni tó bá jà, wọ́n á lé e kúrò nínú eré náà, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Àmọ́ ní òkè lọ́hùn-ún, ní NHL, ìjà ṣì wà. Derek Boogaard ga ju mítà 2 lọ, iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún nìyẹn ní Minnesota àti New York. Ọmọ ọdún 28 ni nígbà tó kú ní 2011, oògùn ìrora àti ọtí ló pa pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, wọ́n bá CTE níbẹ̀, àìsàn tí orí tí wọ́n ń gbá léraléra máa ń fà, tí wọn kì í lè rí dájú àyàfi lẹ́yìn ikú. Òbí rẹ̀ ló fi ọpọlọ náà sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Mo máa ń ronú nípa ìyá yẹn.

Ẹni tí mo fẹ́ kí o máa wò ni Jarome Iginla. Yorùbá láti Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, Adékúnlé wà lára orúkọ rẹ̀. Góòlù 625 nínú eré 1,554, balógun Calgary fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmì ẹ̀yẹ wúrà Òlímpíìkì lẹ́ẹ̀mejì, ní 2002 àti 2010. Nígbà tí Crosby gbá góòlù tó fún Kánádà ní àmì ẹ̀yẹ náà ní Vancouver ní 2010, Iginla ló fi pọ́ọ̀kì ránṣẹ́ sí i. Síbẹ̀ kò gba Stanley Cup rí. Ó kù díẹ̀ ní 2004, eré keje nínú àṣekágbá ni wọ́n ti pàdánù lọ́wọ́ Tampa Bay.

Wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ikọ̀ Dallas ló mú un ní 1995, nígbà tí àwọn ikọ̀ NHL ń yan ọmọ tuntun, òun ni ìkọkànlá nínú gbogbo àwọn tí wọ́n mú. Kí ọdún náà tó parí, kò tíì gbá eré kan fún wọn, wọ́n ti fi ṣe pàṣípààrọ̀, ó di ti Calgary. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn, wọn kì í bi ọmọ bóyá ó wù ú. Ní líìgì tìrẹ náà, ní àsìkò Kérésìmesì, wọ́n máa ń pààrọ̀ ọmọ ọdún 17 láti ìlú kan sí òmíràn ní àárín ọdún ẹ̀kọ́. Bi wọ́n léèrè báyìí: tí ẹ bá pààrọ̀ mi, ilé ẹ̀kọ́ wo ni màá wọ̀, ta ni yóò sì rí i pé n kò pàdánù ọdún yẹn?

Nítorí ilé ẹ̀kọ́ ni ohun tí mi ò ní gbà kí o jù sílẹ̀. Ikọ̀ 32 ló wà ní NHL, ọmọ 224 ni wọ́n ń mú lọ́dọọdún, láti gbogbo ayé. Púpọ̀ nínú wọn kì í gbá eré kan ṣoṣo níbẹ̀. Àwọn tó tilẹ̀ débẹ̀, ẹni tó bá ṣì ń gbá a ní ọmọ ogójì ọdún kò wọ́pọ̀. Kí lo máa ṣe pẹ̀lú ọdún tó kù?

Ìlànà kan wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n dáadáa. Tẹ́lẹ̀, ọmọ tó bá ti gbá líìgì rẹ yìí kò lè gbá họ́kì ní àwọn yunifásítì ńlá Amẹ́ríkà mọ́. Láti oṣù kẹjọ 2025, wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Yàtọ̀ síyẹn, líìgì rẹ máa ń san owó ilé ẹ̀kọ́ gíga fún ọmọ gẹ́gẹ́ bí iye sáà tó gbá. Nínú ìwé àdéhùn rẹ ni àlàyé náà wà: ìgbà tí ẹ̀tọ́ yẹn ń parí, àti ohun tó lè mú un bọ́ lọ́wọ́ rẹ bí o bá fọwọ́ sí ìwé ikọ̀ tó ń sanwó. Má yára lọ sí ibi tí o kò ní lè padà. Kí o sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé nìkan kò tó.

Ní ti owó. Ní sáà 2025-2026, ẹni tó ń gba owó tó kéré jù ní NHL ń gba 775,000 dọ́là. Tí mo bá yí i sí sẹ́fà, orí máa ń yí mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá dá padà sí líìgì kejì lè máa gba owó tó kéré sí i gan-an lórí ìwé àdéhùn kan náà, ìjọba á yọ tiwọn, aṣojú á yọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù láti kọ rèé: má fi owó rẹ sí ọwọ́ wa. Eléré kan ní NHL lọ sílé ẹjọ́ ní 2014 láti sọ pé òun kò lè san gbèsè mọ́, òbí rẹ̀ ló sì yá owó náà ní orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí kò ní ẹ̀tọ́ láti yá owó lé ọ lórí, àwọn gan-an pẹ̀lú. Bí ìbátan bá pè ọ́ láti Àjàṣẹ́ tàbí Sábẹ̀ẹ́ pé ilé ń jò, sọ pé kí wọ́n bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀.

Nínú ilé àwọn tí o máa gbé lọ́dọ̀ wọn, kí wọn láàárọ̀, fọ àwo tí o bá fi jẹun, má dúró kí wọ́n tó rán ọ. Mo mọ̀ pé o mọ ìyẹn.

Èyí ni o lè má mọ̀: àwọn àgbà ikọ̀ lè fẹ́ fi àwọn ọmọ tuntun ṣẹ̀sín. Akim Aliu, tí wọ́n bí ní Okene ní Nàìjíríà, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nínú ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ti Windsor ní Kánádà ní 2005 nígbà tí wọ́n ní kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bọ́ra sílẹ̀ kí wọ́n há mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ́ọ̀sì. Ó kọ̀. Lẹ́yìn náà ọmọ ikọ̀ kan fi ọ̀pá gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ ká. Èmi ní kí ìwọ náà kọ̀, kí o sì pè mí ní òru yẹn gan-an. Bí ẹnikẹ́ni bá fi àwọ̀ rẹ bú ọ, sọ ọ́ síta lọ́jọ́ kan náà, kọ déètì àti orúkọ àwọn tó gbọ́ ọ. Aliu ní láti dúró títí di 2019 kí ayé tó gbọ́ ohun tí kóòṣì kan sọ sí i ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ohun tó ń bo ọrùn, má ṣe bọ́ ọ, kódà tí ẹ bá ń ṣe ìdánrawò. O gbọ́ nípa Adam Johnson, eléré họ́kì tó kú ní Sheffield ní England ní 2023. Ọmọ ọdún 29 ni, abẹ bàtà ló gé e lọ́rùn.

Kí o tó fọwọ́ sí ìwé, ya fọ́tò ojú ewé tó sọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti èyí tó sọ ẹni tí yóò sanwó ìtọ́jú bí o bá farapa, fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Àǹtí rẹ ni kó wá agbẹjọ́rò tí yóò bá wa kà á. A ó san owó rẹ̀ láti ibí. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, èmi àti bàbá rẹ á pè yín, kí o ní ìwé náà lọ́wọ́.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ.

Èmi ni ìyá rẹ.