Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa: Ìdí Tí Owó Òróró Jásímìnì Wa Fi Wálẹ̀

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìfọkàntán wa. Láti ìgbà tí a ti dín owó benzyl acetate kù, èyí tí púpọ̀ nínú yín mọ̀ sí òróró jásímìnì tí ẹ ń kán sínú ọṣẹ, ìbéèrè kan náà ni a ń gbọ́ lẹ́nu yín ṣáá. Ìyá kan tó ti ń rajà lọ́wọ́ wa tipẹ́ ṣí ìdérí ìgò níwájú mi, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò rà á, ó sì bi mí pé: "Ọ̀gá, ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé ẹ kò ti bu nǹkan là á?" N kò bínú sí Màmá. Nígbà tí gbogbo nǹkan ń gbówó lórí, tí ọjà kan ṣoṣo sì ṣàdédé wálẹ̀, àbùlà ni ó yẹ kó kọ́kọ́ wá sí ènìyàn lọ́kàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí, kí n lè ṣàlàyé fún yín, láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, ohun tí a yí padà nínú ìkòkò wa àti ibi tí owó tí a dín kù ti jáde.

Ohun méjì ni a ń pò pọ̀ kí a tó rí òróró yìí. Ọ̀kan ni benzyl chloride, òróró tí èéfín rẹ̀ ń ta ènìyàn lójú bí ata. Èkejì ni sodium acetate, iyọ̀ funfun kan tí ó máa ń yọ́ sínú omi láìjanpata. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á pààrọ̀ ẹrù: òróró olóòórùn á jáde, iyọ̀ bíi ti ọbẹ̀ á sì ṣẹ́kù sínú omi. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọn kì í fẹ́ pàdé. Ẹ̀yin tí ẹ ń se ọṣẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ròyìn omi àti òróró fún yín: òróró á wà lọ́tọ̀, omi á wà lọ́tọ̀, ojú ibi tí wọ́n ti fara kan ara wọn nìkan sì ni iṣẹ́ ti máa ń lọ, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín.

Nítorí kí wọ́n lè pàdé ni a ṣe máa ń ra olómi kẹta tẹ́lẹ̀, èyí tó ń jẹ́ dimethylformamide, tí ó máa ń gba òróró náà mọ́ra, tí ó sì ń gba díẹ̀ nínú iyọ̀ náà pẹ̀lú. Olómi yìí ni ó ń jẹ owó yín. Òkè òkun ni ó ti ń wá, dọ́là ni a sì fi ń rà á. Ó léwu fún ẹ̀dọ̀ ẹni tó bá ń fà á símú lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ yìí sì ti ń dùn mí lọ́kàn tipẹ́ nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n ń bá mi ṣiṣẹ́. Bí a bá sì fi omi fọ òróró wa tán, inú omi náà ni olómi yìí máa ń bá lọ. Kí a tó rí i gbà padà, àfi kí a kọ́kọ́ se gbogbo omi náà gbẹ, nítorí pé ìwọ̀n ooru 100 lórí Celsius ni omi ti ń hó, ti olómi yìí sì jẹ́ 153. Ẹ wo iye epo dísẹ́ẹ̀lì tí ìyẹn ń gbé mì.

Ọ̀nà tí a wá gbà báyìí, pé kí ohun amúṣẹ́yá díẹ̀ mú omi àti òróró pàdé láìsí olómi yẹn, kì í ṣe ọ̀nà tuntun lágbàáyé. Láti ọdún 1965 ni onímọ̀ kẹ́míkà kan, Mieczysław Mąkosza, ti ń kọ̀wé nípa irú iṣẹ́ yìí ní ìlú Warsaw, lórílẹ̀-èdè Poland. Ní ọdún 1971 ni Charles Starks, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ponca City ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, Amẹ́ríkà, tẹ ìwé ìwádìí jáde lórí ohun tí ó pè ní phase-transfer catalysis, ìyẹn ni pé kí ohun amúṣẹ́yá kan máa gbé ẹrù láti inú omi wọ inú òróró. Ó fi òróró kan àti iyọ̀ tó ti yọ́ sínú omi sórí iná fún ọjọ́ kan sí méjì, iṣẹ́ kò ṣe. Ó fi ohun amúṣẹ́yá kan sí i, ìwọ̀nba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, iṣẹ́ náà sì parí láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì.

Tiwa ń jẹ́ tetrabutylammonium bromide, ìyẹ̀fun funfun kan. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní alágbàtà, nítorí pé iṣẹ́ alágbàtà gan-an ni ó ń ṣe. Ó ní apá mẹ́rin tí òróró fẹ́ràn, àárín rẹ̀ sì ní agbára tí ó fi ń di ẹrù inú omi mú. Yóò lọ sínú omi, yóò gbé acetate, ìyẹn ẹrù tó wà lára sodium acetate, yóò gbé e wọ inú òróró níbi tí oníbàárà rẹ̀ wà, yóò gba chloride, ẹrù ara benzyl chloride, ní pàṣípààrọ̀, yóò tún padà lọ gbé òmíràn. Kò ní dá dúró títí ọjà yóò fi tú. Alágbàtà tí a mọ̀ lọ́jà a máa sọ ọjà di ọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n èyí kì í gba èrè, a kì í sì í lo púpọ̀ nínú rẹ̀: fún benzyl chloride kílò 126, nǹkan bíi kílò mẹ́fà ààbọ̀ ni à ń lò, òróró tí ó sì yẹ kó jáde bí iṣẹ́ bá pé pérépéré fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 150. Omi lásán ló rọ́pò olómi olówó iyebíye yẹn.

Ìdánwò wa àkọ́kọ́ kò bọ́ sí i. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ tí ń ro ìkòkò ti jẹ, kò yí bó ṣe yẹ, nígbà tí a sì ṣí ìkòkò lálẹ́, òróró ṣì wà lọ́tọ̀, omi ṣì wà lọ́tọ̀. Alágbàtà kò lè ṣiṣẹ́ bí àwọn ọjà méjèèjì kò bá fẹ̀ ní ẹnubodè. Ríro dáadáa ló ń fọ́ òróró sí wẹ́wẹ́ kí ojú tí wọ́n fi kan ara wọn lè pọ̀. A pààrọ̀ bẹ́líìtì, iṣẹ́ sì yá. Àṣìṣe kejì wá wáyé níbi fífọ̀: a mì í jù, gbogbo rẹ̀ funfun bí ògì, ó sì wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyọ̀ tí a bù sí i ló là wọ́n.

Fífọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ wá wò fúnra yín bí ẹ bá ráyè. Bí iṣẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, òróró wa máa ń léfòó lórí omi iyọ̀, nítorí pé omi iyọ̀ wúwo jù ú lọ. A ó fa omi iyọ̀ náà kúrò, a ó da omi mímọ́ sí i, òróró kan náà yóò sì rì sísàlẹ̀ lójú yín. Omi mímọ́ yìí ló ń kó alágbàtà jáde, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a sì ń fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, a ó ki wáyà bàbà bọ iná títí iná rẹ̀ kò fi ní àwọ̀ kankan mọ́, a ó tì í bọ inú òróró, a ó sì dá a padà sínú iná. Bí iná bá ràn ní àwọ̀ ewé, ó túmọ̀ sí pé benzyl chloride tàbí alágbàtà ṣì kù níbẹ̀, a kò sì ní tà á. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa lẹ́ẹ̀kan. Inú ìkòkò ni ó padà sí.

Nítorí benzyl chloride yìí kan náà, ọṣẹ àti ohun ìfọṣọ nìkan ni a ń ta òróró wa fún. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi sí ohun jíjẹ tàbí ohun mímu, ẹ má sì tà á fún ẹni tí ó fẹ́ fi sí i. Omi tí a fi fọ̀ ọ́ kò wọ gọ́tà, nítorí pé alágbàtà yìí lè pa ẹja. Inú dọ́rọ́ọ̀mù ni a ń kó o sí fún àwọn tí wọ́n ní ìwé àṣẹ láti kó irú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo èrè ibẹ̀ ni a dá padà fún yín. A yọ apá kan láti ra alágbàtà àti láti tún ẹ̀rọ ṣe, ìyókù ni ẹ rí lára owó tó wálẹ̀. Káńfọ̀ àti mẹ́ńtọ́ọ̀lù tí a tún ń tà kò sí nínú èyí: a kì í ṣe wọ́n fúnra wa, a ń rà wọ́n ni, iye tí wọ́n ń pè é náà ni wọ́n ṣì ń pè.

Ara gbogbo kẹ́ẹ̀gì ni a ti kọ nọ́ńbà ìkòkò tí ó ti jáde sí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó gbé tirẹ̀ wá ní ọjọ́ ọjà èyíkéyìí, a ó ki wáyà bàbà bọ̀ ọ́ níwájú rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùdarí ilé iṣẹ́