Ẹ yẹ ìtọ̀ wò kí ẹ tó gé kíndìnrín

Olóòtú,

Ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń wọ kíndìnrín, ó sì lè hàn bíi kókó jẹjẹrẹ lórí àwòrán CT, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà. Ó dùn wá gan-an bí wọ́n bá gé kíndìnrín tí oògùn oṣù 6 ìbá gbà là. Ọ̀pọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kì í wúkọ́ rárá. Ohun tó yẹ kó mú dókítà fura ni ọyún tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, tí àyẹ̀wò láàbù tí wọ́n sábà ń ṣe kò sì rí kòkòrò kankan. Kí wọ́n gba ìtọ̀ àkọ́jí fún àárọ̀ 3 tẹ̀ léra, torí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í bá ìtọ̀ jáde lójoojúmọ́. GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ń fèsì ní nǹkan bíi wákàtí 2; bí kò bá rí nǹkan, kí láàbù gbìyànjú láti mú kòkòrò náà dàgbà látinú ìtọ̀ náà kí wọ́n lè rí i, ó lè gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ nílé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà.

Àwa oníṣẹ́ ìlera,
Ìbàdàn