Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, láti Àkúrẹ́

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Kú òtútù ọ̀hún o. Ṣé ọmọ ti ń jẹ́ kí ẹ sùn lóru? Àárò rẹ sọ mí gan-an lónìí, nítorí ààfin Déjì, ọba Àkúrẹ́, tí a ò ráyè wọ̀ lọ́jọ́ Ìdànrè yẹn, mo ti wọ̀ ọ́!

Baba tó mú mi wọlé ní kí n gbé kámẹ́rà sílẹ̀ ná. Ó ní, "Kọ́kọ́ kí ilé." Mo kúnlẹ̀. Ùà ni wọ́n ń pe àgbàlá níbí, ó lé ní 15 nínú ààfin àtijọ́ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀: Ùà Úbúrà fún ìbúra, Ùà Ìkómọ fún ìsọmọlórúkọ. Àbẹ̀kẹ́, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀! Òrùlé yí ọ ká, ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀ láàárín. Bí mo bá ya ibi tí oòrùn wà, àwọn òpó á dúdú kirikiri. Bí mo bá ya òpó, ọ̀run á funfun báláú. Mo jókòó títí ìkùukùu fi bo oòrùn kí n tó rí ẹyọ kan yà. Ògiri náà tutù bí ìkòkò àmù. Ní igun kan tí amọ̀ ti ṣí, mo rí ipa ìka ẹni tó mọ ọ́n.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti dàrú. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú. Ẹsẹ̀ ògiri ni òjò ti máa ń jẹ ilé alámọ̀, níbi tí omi òrùlé ti ń ta sí i. Bí wọ́n bá sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, omi á há sínú, amọ̀ á máa rà lábẹ́lẹ̀. Ìjọba ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè láti 1990, síbẹ̀ mi ò lè sùn. Ìdí nìyí tí mo fi ń ya gbogbo igun.

Màmá ti kúrò ní ọsibítù, ara wọn ti ń yá. Àbúrò mi ti ríṣẹ́.

Ìkẹ́rẹ́ ni mo ń lọ ní Sátidé, kò jìnnà síbí. O rántí ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́? Wọ́n gbé e lọ pàtẹ ní London ní 1924, Ògògà kò sì tà á, ìtẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún un ló fi pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ níbẹ̀ ló wà, ní British Museum. Jọ̀ọ́, bí wọ́n bá gbé e síta, bá mi yà á. Ẹ̀gbẹ́ ni kí o dúró sí, kì í ṣe iwájú, kí n lè rí bí àwọn ère ara ilẹ̀kùn náà ṣe yọ síta tó. Má tan iná kámẹ́rà.

Mo mọ̀ pé o ti ní o ò ní tẹ ibẹ̀ mọ́, látọjọ́ tí o sunkún níwájú ère orí Ifẹ̀ tó wà níbẹ̀. Wọ̀ ọ́ nítorí mi. Gbé ọmọ dání.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́ rẹ