Bàbá mi, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n wó ilé Bàbá àgbà

České Budějovice,
Orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ṣé ara Màmá ti le dáadáa? Àbúrò mi pè mí, ó ní ẹbí fẹ́ wó ilé Bàbá àgbà n'Ísẹ́yìn kí wọ́n fi ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà náà ni mi ò ti rí oorun sùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí ní Sátidé fún yín.

Mo lọ sí abúlé kan tó ń jẹ́ Holašovice, bíi kìlómítà 15 sí ọ̀dọ̀ mi, lápá ìwọ̀ oòrùn. Agbègbè náà kún fún adágún ẹja. Tí ẹ bá kọjú sí gúúsù, òkè Kleť ni ẹ ó máa wò, ó ga ju mítà 1,000 lọ, igbó sì bò ó. Agbo ilé 23 ló yí gbàgede oníkoríko kan ká. Adágún omi wà láàárín rẹ̀, àgbẹ̀dẹ àtijọ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilé àdúrà kékeré tí wọ́n kọ́ ní 1755. Ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ bíríkìlà tọ́ wa, ó wù mí kí ẹ rí iwájú àwọn ilé yẹn! Òkè ògiri wọn ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí ìgbì omi, ọnà pílásítà sì wà lára rẹ̀ lóríṣiríṣi. Mo dúró ti ẹyọ kan títí ẹsẹ̀ mi fi tutù.

Inú ìwé ọdún 1263 ni orúkọ abúlé náà ti kọ́kọ́ jáde. Ní 1292, ọba wọn fi ta àwọn mọ́ǹkì ìlú Vyšší Brod lọ́rẹ, ìyẹn àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sìn Kìrìsìtẹ́nì tó ń gbé pọ̀ nílé ìjọsìn. Àjàkálẹ̀ àrùn wá jà láàárín 1520 sí 1525, Bàbá, èèyàn méjì péré ló ṣẹ́ kù. Àwọn mọ́ǹkì ló kó àwọn ará Bavaria àti Austria wá tẹ̀ ẹ́ dó padà, bó ṣe di abúlé elédè Jámánì nìyẹn. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ìjọba lé àwọn elédè Jámánì náà kúrò nílùú. Àwọn tí bàbá wọn kọ́lé náà di ẹni tó ń di ẹrù, ọ̀pọ̀ agbo ilé sì di ahoro. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò sẹ́ni tó ráyè kọ́ tuntun síbẹ̀, ògiri àtijọ́ dúró. Láti 1990 ni wọ́n ti ń tún un ṣe, nígbà tó sì di 1998, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé ń dáàbò bò. Èèyàn tún ń gbé inú wọn. Mo rí aṣọ tí wọ́n sá.

Bàbá, ojú ìka Bàbá àgbà ṣì wà lára ògiri ẹ̀yìn, níbi tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ fi hàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìpìlẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ṣì lágbára, kí àbúrò mi sì ya fọ́tò òrùlé ránṣẹ́ kí ẹbí tó tún jókòó. Mo ti ń tọ́jú owó páànù.

Èmi ni,
Àrẹ̀mọ yín.